Grateful Dead àtàwọn Deadhead: ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí èrò pọ̀ jù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dárúkọ báǹdì yìí ni ìbéèrè kan náà máa ń ya lù mí, ẹni tó bi mí lánàá á tún padà bi mí lọ́la, mo wá ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ sójú kan kí n lè sinmi. Mi ò lọ ṣóò wọn kankan rí o, kẹ́ ẹ má lọ rò pé mo wà níbẹ̀. Ìlù ló mú mi débẹ̀. Mo ń wá orin Bàbá Olátúnjí kiri ni mo bá rí i pé bàbá yẹn ti lùlù ṣáájú àwọn òyìnbó onírun gígùn kan ní Kalifọ́níà, bí mo ṣe kó sí i nìyẹn, mi ò tíì rí ọ̀nà jáde.

Ta ni wọ́n gan-an? Orúkọ burúkú wo sì lèyí?

Báǹdì rọ́ọ̀kì ni wọ́n, agbègbè San Francisco ni wọ́n ti wá, 1965 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Jerry Garcia àti Bob Weir ń ta gìtá, Phil Lesh wà lórí béèsì, Pigpen lórí kíbọ́ọ̀dù (òun kú ní 1973), Bill Kreutzmann ń lu dúrọ́ọ̀mù, nígbà tó di 1967 Mickey Hart náà dé, wọ́n wá di onílù méjì. The Warlocks ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí a ṣì máa padà sórí ẹ̀. Orúkọ kejì yìí, inú díṣọ́nárì ni Garcia ti rí i, ó túmọ̀ sí òkú tó moore. Ìtàn àtijọ́ ni: ọkùnrin kan wà lórí ìrìn àjò, ó bá òkú kan tí wọn ò sin torí gbèsè tó jẹ, ó san gbèsè yẹn, ó sin ín, òkú náà wá padà gbà á lọ́jọ́ ìṣòro. Èmi ò rí nǹkan burúkú kankan níbẹ̀, àlọ́ bíi tiwa ni.

Fáànù lásán ṣáà ni Deadhead, àbí kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ẹ gbọ́ ná. Báǹdì mìíràn, tó o bá ti wo ṣóò wọn lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí nǹkan tó o fẹ́ lọ wò mọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, orin kan náà ni, bí wọ́n ṣe tò ó lánàá ni wọ́n máa tò ó lónìí, àwàdà tí olórin dá lánàá náà ló máa dá. Àwọn Dead ò kí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kì í kọ ìwé orin sílẹ̀ kí wọ́n tó gorí ìtàgé, orin tó bá wá sí wọn lọ́kàn ni, orin kan náà lè gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ lónìí kó gba ogún ìṣẹ́jú lọ́la, wọ́n á máa ta gìtá lọ lọ lọ títí á fi di orin mìíràn láìdúró mí. Nígbà míì ó máa ń dùn débi pé orí ẹ á wú, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ ó máa ń burú, wọn á gbàgbé ọ̀rọ̀ orin, ohùn á já, ẹ má jẹ́ kí Deadhead kankan parọ́ fún yín pé gbogbo alẹ́ ló dáa.

Torí náà tó o bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, o gbọ́dọ̀ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn láti ìlú dé ìlú nìyẹn. Láàárín 1965 sí 1995 wọ́n ṣe ṣóò tó lé ní 2,300, àwọn kan wà tí wọ́n wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú ẹ̀. Wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń sùn nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń ta nǹkan wẹ́wẹ́ kí wọ́n lè ra epo dé ìlú tó kàn.

Nígbà tí kò sí fóònù alágbèéká, báwo ni wọ́n ṣe ń rí ara wọn?

Nínú àwo tí wọ́n ṣe jáde ní 1971, báǹdì tẹ ìkéde kékeré kan síbẹ̀: ta ni yín, níbo lẹ wà, báwo lẹ ṣe wà, ẹ fi orúkọ àti àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ní San Rafael, a ó máa jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó ń lọ. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ya dé. Báǹdì náà sì ń dá èsì padà lóòótọ́, wọ́n ń fi ìwé ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn láìgba kọ́bọ̀. Ìgbà yẹn ni orúkọ Deadhead mọ́lẹ̀.

Nígbà tó di 1983 wọ́n tún dá ilé iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn sílẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é o: wàá kọ ọjọ́ tó o fẹ́ wá sórí páálí kékeré báyìí, wàá fi owó sí i, wàá fi àpò ìwé mìíràn tó ti ní sítáǹpù àti àdírẹ́sì ẹ sínú ti àkọ́kọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá dá náà lo gbọ́dọ̀ pọ́ọ̀sì ẹ̀, tó bá yá jù tàbí tó pẹ́ jù wọ́n á dá a padà. Àwọn èèyàn wá gbà lọ́kàn wọn pé tó o bá ya àwòrán tó rẹwà sí ara àpò ìwé náà wọ́n á fún ẹ ní ìjókòó tó dáa, ni wọ́n bá ń fi odindi alẹ́ kun òdòdó rósì àti egungun orí olójú ihò méjì sára àpò ìwé. Bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, ẹ ò lè sọ fún wọn pé kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì yìí, ṣé kì í ṣe olè ni? Kí ló dé tí wọn ò mú wọn?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ jókòó dáadáa.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí òkè làwọn kan ti ń gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ wọ ibi eré. Wọ́n á kó o sábẹ́ aṣọ, wọ́n á fi máìkì sínú fìlà. Nígbà tó yá báǹdì mọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wọn a máa gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹlòmíì, a máa já wáyà ẹlòmíì, ṣùgbọ́n Garcia fúnra ẹ̀ kò rí i bí ẹ̀ṣẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé táwọn bá ti ta á tán, tiwọn ni. Lọ́dún 1984 wọ́n bá kúkú ya ibì kan sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn ẹni tó ń tún ohùn ṣe, torí àwọn ọ̀pá máìkì ti pọ̀ níwájú bí oko àgbàdo, àwọn tó wà lẹ́yìn ò rí ìtàgé mọ́. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pàtàkì fún ibi yẹn.

Òfin kan ṣoṣo ló wà: o ò gbọ́dọ̀ tà á. Ẹ̀bùn ni, tàbí pàṣípààrọ̀.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ká ní ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ ò ní kásẹ́ẹ̀tì kankan tẹ́ ẹ máa fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ ó ra kásẹ́ẹ̀tì òfìfo méjì, oníṣẹ́jú àádọ́rùn-ún, ẹ ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ní, ẹ ó fi owó sítáǹpù tó máa fi dá a padà sí i. Ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí, ìlú mìíràn ló wà, á jókòó síwájú ẹ̀rọ méjì, á máa da ohùn láti ọ̀kan sí èkejì, wákàtí mẹ́ta nìyẹn torí kò sí n tó ń jẹ́ kánkán níbẹ̀. Á kọ orúkọ àwọn orin sára páálí inú ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹ̀, níbi tí orin kan ti wọ inú èkejì láìdúró á fi àmì ọfà kékeré sí i, ọjọ́, ìlú, gbọ̀ngàn, bó ṣe jìnnà sí ojúlówó tó. Àwa náà mọ̀ ọ́n nílé, kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dà láti ara òmíràn tí wọ́n ti dà láti ara òmíràn, tó bá fi máa dé ọwọ́ ẹ ariwo bí òjò á ti bo olórin mọ́lẹ̀. Torí náà wọ́n ń ka ìran ẹ̀: ìran kìíní, ìran kejì, ìran kẹta.

Ó sì máa ń tẹ́lé e pẹ̀lú lẹ́tà. Nínú lẹ́tà yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ tuntun: má tà á o, má fi orúkọ mi fún onísọkúsọ, tó o bá délé eré má pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó gbé máìkì, nígbà tí ẹlòmíì bá kọ̀wé sí ẹ lọ́la kí ìwọ náà ṣe é fún un bí mo ṣe ṣe é fún ẹ. Ẹ rí i bẹ́ẹ̀? Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ò gbé orin nìkan, ìwà ló gbé, ẹni tó bá gba kásẹ́ẹ̀tì ti gba ẹ̀kọ́. Ẹ máa rí ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn tá a bá dé 1987.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú páàkì mótò? Mo gbọ́ pé ibẹ̀ gan-an ni fàájì wà.

Ọjà ni. Shakedown Street ni wọ́n ń pè é, orúkọ àwo wọn kan ti 1978. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti máa ń kó mótò dúró, ẹni kan ń yan búrẹ́dì oníṣíìsì, ẹni kan ń ta ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so tí wọ́n rẹ sínú aró aláwọ̀ mèremère (ẹni tó bá mọ àdìrẹ Abẹ́òkúta máa ní kí ló wá jọ wọ́n lójú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ á fi wọ́n sílẹ̀), ẹni kan ń ta ìlẹ̀kẹ̀, ẹni kan ń ta bíà. Oògùn olóró náà ń bẹ níbẹ̀, mi ò ní parọ́, LSD ti wà pẹ̀lú wọn láti ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Tó ò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì, wàá na ìka kan sókè, wàá máa rìn kiri. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé iṣẹ́ ìyanu lò ń wá, kí ẹnì kan tó ní tíkẹ́ẹ̀tì lé fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìka mẹ́wàá wà nínú páàkì, wọ́n ń rí i gbà o. Ẹ fi èyí náà sọ́kàn.

Ohun tó tún wú mi lórí ni pé inú èrò yẹn náà làwọn tí kò fẹ́ mutí mọ́ ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Wharf Rats, wọ́n á so bàlúùnù yẹ́lò mọ́ tábìlì, tí báǹdì bá gba ìsinmi láàárín eré àwọn tó ń bá ọtí tàbí oògùn jìjàkadì á lọ pàdé níbẹ̀, wọ́n á gba ara wọn níyànjú, wọ́n á padà lọ jó. Àwọn adití náà ní ibi tiwọn níwájú, ẹni tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ á máa túmọ̀ orin fún wọn, wọ́n á di bàlúùnù mú kí ìlù lè máa gbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ ẹ̀ láti òkè.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní 1987?

Wọ́n gbajúmọ̀ ni. Ẹ ó ní ṣé wọn ò ti gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, rárá, èrò ti ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún ó lé, ṣùgbọ́n rẹ́díò ò kà wọ́n sí. Ní 1986 Garcia ṣàìsàn, àtọ̀gbẹ dá a dùbúlẹ̀ tí kò mọ ibi tó wà fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó jí ó ní láti tún gìtá kọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, July 1987, wọ́n gbé àwo In the Dark jáde, orin kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ Touch of Grey, orin nípa kéèyàn má kú láìka ewú orí sí, wọ́n sì ṣe fídíò ẹ̀ pẹ̀lú àwọn eegun tí wọ́n fi okùn darí bíi bèbí. MTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń fi fídíò orin hàn, mú un, kò gbé e sílẹ̀ mọ́. Orin náà dé ipò kẹsàn-án ní Amẹ́ríkà, òun nìkan ni orin wọn tó dé mẹ́wàá àkọ́kọ́ rí, àwo náà dé ipò kẹfà.

Ogún ọdún ó lé ni wọ́n fi kó èrò jọ bí ẹni ń họ́ṣàn, oṣù mẹ́ta ló wá kó òmíràn dà sórí ẹ̀ bí ìgbà tí odò ya bèbè. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀ ò gbà wọ́n mọ́, ó di sítédíọ̀mù bọ́ọ̀lù. Ní 1991 àti 1993 àwọn ni báǹdì tó pa owó tíkẹ́ẹ̀tì jù ní Amẹ́ríkà, àwọn bàbá onírùngbọ̀n funfun, ọ̀dọ́mọdé ló kún iwájú wọn.

Kí ni Touchhead? Ṣé èébú ni?

Èébú ni. Àwọn ògbólógbòó ló ń pe àwọn tó dé lẹ́yìn orin Touch of Grey bẹ́ẹ̀. Pé orin kan lo mọ̀, pé o wá wòran ni.

Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ o, torí gbogbo ẹni tó ń bú ẹlòmíì ní Touchhead, ẹnì kan wà tó ti bú òun náà. Àwọn ti 1967 bú àwọn ti 1973 pé ẹ ò bá Pigpen, àwọn ti 1973 bú àwọn ti 1977, ẹni tó dé lánàá ló máa ń fojú di ẹni tó dé lónìí jù.

Ṣé àwọn tuntun yẹn ló bà á jẹ́ lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ n tú u.

Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó dáa. Ká ní àgbà mẹ́wàá ló wà lọ́jà, tí ìyá ọlọ́mọ kan kọjá, wàràwàrà ni wọ́n á tún orí ọmọ yẹn ṣe. Ká wá ní àgbà kan ló wà, tí ìyá ọlọ́mọ ogún ya wọ ọjà lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Orí á wọ́ nìyẹn. Àgbà yẹn ò ṣẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́mọ náà ò ṣẹ̀. Ṣáájú 1987, ẹni tó bá máa di Deadhead, ọwọ́ ẹnì kan ló ti máa gbà á: ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì, ẹni yẹn á fún un ní kásẹ́ẹ̀tì, á mú un dání lọ ṣóò àkọ́kọ́, á ní má jókòó síbí, má da ìdọ̀tí síbẹ̀ yẹn, kí nìdí tó o fi ń pariwo nígbà tí wọ́n rọra ń ta gìtá. Ẹni tó dé lẹ́yìn MTV, tẹlifíṣọ̀n ló pè é. Tẹlifíṣọ̀n ò kọ́ ọ ní nǹkan kan, ó kàn ní fàájì ń bẹ nínú páàkì mótò kan.

Ibi tó ti wá burú nìyí: páàkì yẹn fúnra ẹ̀ gbajúmọ̀ ju orin lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wá tí wọn ò ní tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọn ò sì wá a, báǹdì lè máa kọrin nínú lọ́hùn-ún, kò kàn wọ́n. Àwọn tó ń ta gáàsì tó ń pani bí ọtí nínú bàlúùnù dé, oníṣòwò pọ́ńbélé ni wọ́n, wọn ò mọ orin kan. Àwọn ọlọ́pàá tó ń wá oníLSD náà dé. Ìka tó ń wá iṣẹ́ ìyanu, tó jẹ́ mẹ́wàá tẹ́lẹ̀, di ẹgbẹ̀rún, ta ló fẹ́ fún ẹgbẹ̀rún èèyàn ní tíkẹ́ẹ̀tì? Àṣà tó ń ṣiṣẹ́ láàárín èèyàn díẹ̀ ni wọ́n gbé lé èèyàn rẹpẹtẹ lórí, ó fọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ní ẹjọ́ tiwọn. Dípò kí wọ́n tún orí ọmọ ṣe, ọ̀pọ̀ wọn fà sẹ́yìn, wọ́n kó kásẹ́ẹ̀tì wọn pamọ́, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ayé ṣe dùn tẹ́lẹ̀. Èyí náà ni mo rí i pé àwọn olùfẹ́ báǹdì yìí kì í fẹ́ jẹ́wọ́.

Báǹdì fúnra wọn ńkọ́, ṣé wọ́n kàn ń wò ni?

Wọ́n gbìyànjú, ẹ má purọ́ mọ́ wọn. Ní 1989 wọ́n ní ọjà ti tán nínú páàkì, kò sí sísùn síbẹ̀ mọ́, ẹni tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì kó má wá. Àwọn èèyàn ò gbọ́. Àwọn ìlú kan ní kí wọ́n má padà wá mọ́.

Oṣù October ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ọgbọ́n kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ ṣeré ní Hampton, Virginia, wọn ò fẹ́ kí èrò gbọ́, ni wọ́n bá kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì pé àwọn tó ń jẹ́ The Warlocks tẹ́lẹ̀ ló ń bọ̀ (ẹ rántí orúkọ àkọ́kọ́ yẹn?), kò sì ju ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú tí wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì náà síta, agbègbè yẹn nìkan ni wọ́n sì ti tà á. Alẹ́ méjì, 8 àti 9 October. Alẹ́ kejì ni wọ́n ta Dark Star, orin tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn láti 1984, bí gìtá ṣe kọ́kọ́ dún, ariwo tí gbọ̀ngàn yẹn pa, ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ gbọ́ ọ. Ẹ wá wò ó: báǹdì tó gbajúmọ̀ tó báyìí ní láti fi orúkọ pamọ́ kí wọ́n tó lè ṣeré fún àwọn èèyàn tiwọn.

Ta ló wó ògiri ní 1995?

Pápá eré Deer Creek ló ti ṣẹlẹ̀, Noblesville, ìpínlẹ̀ Indiana, 2 July 1995. Ẹnì kan ti halẹ̀ pé òun máa pa Garcia lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tan gbogbo iná sílẹ̀ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè máa rí ojú èrò, ọkùnrin yẹn ń ta gìtá nínú ìmọ́lẹ̀ bí ẹni wà ní ilé ẹjọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́ làwọn tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gbá ògiri onípákó tó wà lókè, pákó ń já, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rọ́ wọlé. Ohun tó dun báǹdì jù ni pé láti orí ìtàgé wọ́n ń wo àwọn tó ti wà nínú, àwọn tó sanwó, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó ń wó ògiri, tí àwọn kan ń bá wọn fà á.

Ọlọ́pàá ní àwọn ò ní wá lọ́jọ́ kejì, ṣóò 3 July ò wáyé. Báǹdì wá kọ lẹ́tà sí àwọn Deadhead, gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ náà le: pé àwọn tó ń wó ògiri ò gbọ́n, pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìrìn àjò yìí parí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ, pé ọjà páàkì ló ń pe àwọn tí kò yẹ, pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ̀ṣọ́, báǹdì ò lè ṣe é fún yín. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi kọ̀ láti ṣe ọ̀gá lórí ẹnikẹ́ni, lẹ́tà yẹn sún mọ́ ọn jù.

9 July ni ṣóò ìkẹyìn, Soldier Field ní Chicago. 9 August, oṣù kan géérégé, Garcia kú, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. December wọ́n kéde pé orúkọ Grateful Dead ti tán.

Ṣé lẹ́tà yẹn ì bá ṣiṣẹ́ ká ní Garcia ò kú?

Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí gan-an ni kò ní kà á.

Kí ló wá kan Yorùbá nínú gbogbo èyí?

Ó kàn wá o jàre. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tó ti lọ kàwé ní Amẹ́ríkà láti 1950, àwo ìlù ẹ̀ Drums of Passion ti kọ́ òyìnbó ní ìlù kí Grateful Dead tó wà. Ọ̀kan nínú orin àwo yẹn ni báǹdì Santana mú ṣe Jingo ní 1969, San Francisco kan náà. Ní alẹ́ ìparí ọdún 1985, Olátúnjí àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ gorí ìtàgé ní Oakland kí àwọn Dead tó bọ́ síta. Lẹ́yìn náà Mickey Hart bá a ṣe àwo méjì jáde, ọ̀kan nínú ẹ̀ jẹ́ orin òrìṣà látòkèdélẹ̀. Nígbà tó di 1991 Hart kó àwọn onílù jọ fún àwo Planet Drum, Olátúnjí wà níbẹ̀, Sikiru Adepoju ọmọ Èrúwà náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú gángan, àwo yẹn sì gba Grammy àkọ́kọ́ tí wọ́n fún orin àgbáyé.

Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ ogún ọdún kan láti Ohio, tó wá torí fídíò MTV, tó ra àwo Mickey Hart torí orúkọ, tó wá gbọ́ gángan fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè bú Touchhead tọkàntọkàn. Bí èmi náà ṣe dé ò yàtọ̀, ìlù ló kọ́kọ́ pè mí, kí n tó mọ ohun tí Dark Star ń jẹ́.

Ṣé wọ́n ṣì wà? Ta ló ń lọ síbẹ̀ báyìí?

Lẹ́yìn tí Garcia kú, àwọn tó kù ṣeré lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi. Ní 2015 wọ́n ṣe ìdágbére ní Santa Clara àti ní Soldier Field yẹn náà, wọ́n ní kí àwọn èèyàn fi páálí àti àpò ìwé béèrè tíkẹ́ẹ̀tì bíi ti àtijọ́, àpò ìwé tí wọ́n kun lọ́dà ya bo ilé iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ni kò rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Dead & Company dé, tí John Mayer ń ta gìtá níbẹ̀, wọ́n ti ṣeré ní gbọ̀ngàn Sphere ní Las Vegas. Phil Lesh kú ní October 2024, Bob Weir náà kú ní January 2026.

Ìjà tó tún wáyé láàárín ni ti November 2005, báǹdì ní kí wọ́n yọ orin àwọn kúrò níbi tí gbogbo ayé ti ń wà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive. Àwọn Deadhead gbaná jẹ, Phil Lesh alára ní wọn ò bi òun. Láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n dá èyí tí àwọn onímáìkì gbà láàárín èrò padà, èyí tó ti ara ẹ̀rọ báǹdì wá, gbígbọ́ nìkan lẹ lè gbọ́ ọ. Mo rántí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo àti sítáǹpù nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yẹn. Òfin tí ìran kan fi lẹ́tà kọ́ ìran kejì, báǹdì fúnra wọn ló fẹ́ da á, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ni ò gbà.

Ó dáa, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

8 May 1977, Barton Hall, yunifásítì Cornell. Betty Cantor-Jackson ló gba ohùn yẹn sílẹ̀, nígbà tó yá wọ́n gbá àwọn téèpù ẹ̀ ta ní gbàǹjo torí owó ilé ìkẹ́rùsí tí kò san, ọwọ́ àwọn fáànù ló bọ́ sí, 2017 ni báǹdì tó gbé e jáde fún títà. Ó mọ́ bíi dígí.

Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ wá èyí tí kò mọ́. Ẹ mú ọjọ́ kankan láti 1985, èyí tí ẹnì kan fi máìkì gbà láàárín èrò, ẹ fi nǹkan sétí, nígbà tó bá dé ibi tí Hart àti Kreutzmann nìkan ti ń lùlù ní apá kejì, ẹ máa gbọ́ tí ẹnì kan ń rojọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì, ohùn mìíràn á sì rọra sọ fún un pé kó dákẹ́, òun ń gba ohùn sílẹ̀.